Ìran Òru Kan, Iṣẹ́ Ogún Ọdún

Bíbélì Kíkà: Hábákúkù 2:1-4
Àkọ́sórí: Òwe 25:2

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí ìran gbà ní ìṣọ́ òru, ṣùgbọ́n tí kò tún rántí rẹ̀ mọ́ nígbà tí oṣù parí. Olúwa ní kí Hábákúkù kọ èyí tí ó rí sílẹ̀, kí ó sì ní sùúrù fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbésí ayé Alfred Werner kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní òwúrọ̀ òní.

A bí Werner ní ọjọ́ 12 oṣù December 1866 ní ìlú Mulhouse, ní ilẹ̀ Faransé. Òṣìṣẹ́ irin ni bàbá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ní Zürich, ní Switzerland, ó sì gba oyè dókítà ní 1890.

Ọ̀rọ̀ kan rú àwọn onímọ̀ lójú nígbà náà. Irin kan wà tí à ń pè ní cobalt. Bí ó bá ti di àwọn èròjà kan mú, wọn a rò pé ọwọ́ rẹ̀ ti kún. Síbẹ̀ yóò tún di ammonia mẹ́fà mọ́ra. Sophus Mads Jørgensen, àgbà onímọ̀ ní Denmark, sọ pé ńṣe ni wọ́n so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n.

Ní òru ọjọ́ kan, Werner ta jí ní nǹkan bí agogo méjì. Ìdáhùn ti dé bá a lójú oorun. Kò padà sùn. Ó mú kálàmù, ó sì ń kọ ọ́ títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ó rí ni pé irin náà wà láàárín, àwọn mẹ́fà sì yí i ká: òkè àti ìsàlẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1893, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Werner fẹ́rẹ̀ẹ́ má tí ì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kankan lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ìran rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, èròjà cobalt kan tí ó ní àwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ ní ìkejì, kò sì sí ẹni tí ó rí ìkejì náà rí. Jørgensen di èyí mú, ó sì ń takò ó. Werner kò fi èébú dá a lóhùn. Inú yàrá ìsàlẹ̀ ilé tí ó ṣókùnkùn ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1907, lẹ́yìn ọdún 14, ó rí ìkejì náà: aláwọ̀ àlùkò ni. Jørgensen fúnra rẹ̀ gbà pé Werner ló tọ̀nà. Ní 1913 ni a fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù November 1919, ní ẹni ọdún 52.

Lónìí, àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ kẹ́mísírì ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ ń kọ́ ohun tí ó rí ní òru náà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá fi sínú ẹ̀jẹ̀ wa, níbi tí irin ti wà láàárín tí ó ń gbé atẹ́gùn tí a mí sínú. Òun náà ni ó fi sínú gbogbo ewé tútù tí ò ń rí lójú ọ̀nà láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tí a fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1978, wà lára irú àwọn èròjà tí Werner ṣàlàyé ní 1893. Ọdún 59 ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí oògùn náà tó jáde.

Olùfẹ́, kí ni Olúwa fi hàn ọ́ tí o ti pa tì nítorí pé ẹnì kan takò ọ́? Alátakò rẹ lè jẹ́ òkúta tí Ọlọ́run fi ń pọ́n ọ. Má ṣe bá a jà. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Òru kan tó láti rí ìran gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń mú un ṣẹ.

Ohun tí o máa ṣe lónìí: Wá ìwé kan, kí o kọ ìran náà sílẹ̀, kí o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lórí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Kókó Àdúrà:
1. Baba, jí ìran tí mo ti jẹ́ kí ó kú dìde, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, fún mi ní agbára àti sùúrù láti ṣiṣẹ́ títí yóò fi ṣẹ.
3. Baba, má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi kú nígbà tí mo bá lọ. Àmín.