James Watt àti irin mẹ́ta tó fi yangàn

Ẹni tó bá ra gílóòbù iná lọ́jà yóò rí nọ́ńbà kan lára rẹ̀, tí lẹ́tà W tẹ̀ lé. Lẹ́tà náà dúró fún Watt, orúkọ ọkùnrin kan tó kú lọ́dún 1819. Ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́ ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi yangàn jù ni irin mẹ́ta péré, tí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan mọ́tò ṣì ń fi sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ títí dòní.

Ìlú Greenock, létí òkun ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n bí James Watt sí ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1736. Ọmọ olókùnrùn ni. Orí fífọ́ kì í jẹ́ kó lọ sílé ẹ̀kọ́ déédéé, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà nílé. Bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń ṣòwò. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni ọmọ náà ti mọ òòlù àti ayùn lò. Nígbà tó di ọmọ ọdún 19, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ ṣíṣe ohun èlò ìwọ̀n. Ọdún méje ni àwọn ẹlòmíràn fi ń kọ́ ọ. Òun fi ọdún kan kọ́ ọ, iṣẹ́ àṣejù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di aláìsàn pátápátá.

Lọ́dún 1757, Yunifásítì Glasgow fún un ní yàrá iṣẹ́ kan. Níbẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan fún un pé kó tún un ṣe. Àgbá irin kan wà lára ẹ̀rọ náà, irin kan sì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó. Watt ṣàkíyèsí pé wọ́n ń mú àgbá yìí gbóná, wọ́n sì tún ń fi omi mú un tutù, nígbàkígbà tí irin náà bá lọ tó bọ̀. Òfò èédú gbáà ni. Lọ́dún 1765, bó ti ń rìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọ̀nà àbáyọ yé e: kí ooru náà lọ tutù nínú àgbá mìíràn.

Èrò yìí kò sọ ọ́ di olówó. Gbèsè ló jẹ. Ó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ la ọ̀nà omi, kí ilé rẹ̀ lè jẹun. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà, lọ́nà jíjìn, nígbà tí aya rẹ̀, Margaret, kú lórí ìkúnlẹ̀ lọ́dún 1773. Lọ́dún kejì, ó kó lọ sí Birmingham. Ọlọ́rọ̀ kan níbẹ̀, Matthew Boulton, bá a dòwò pọ̀.

Àwọn ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́ ń fi ṣéènì fa igi ìdábùú ńlá kan. Ṣéènì lè fà, kò lè tì. Watt wá ṣe ẹ̀rọ tó ń fà tó sì ń tì, ó sì di dandan kó lo irin líle dípò ṣéènì. Wàhálà dé. Orí igi ìdábùú ń rìn ní ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun, bẹ́ẹ̀ irin inú àgbá gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Bó bá ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò bà jẹ́.

Ojútùú rẹ̀ dé lọ́dún 1784. Ẹ fojú inú wo ọ̀pá gígùn méjì. Ìdí ọ̀kan wà lára ògiri ọ̀tún, ìdí èkejì wà lára ògiri òsì. Ọ̀kan ga ju èkejì lọ díẹ̀. Ọ̀pá kúkúrú kan so orí wọn pọ̀ láàárín. Bí wọ́n bá ń lọ sókè tàbí sódò, ọ̀kan ń fa ọ̀pá kúkúrú náà sọ́tùn-ún, èkejì ń fà á sósì. Agbára wọn dọ́gba, nítorí náà àárín ọ̀pá kúkúrú náà ń rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tààrà.

Irú wàhálà kan náà wà lábẹ́ mọ́tò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tú Ford àtijọ́, wọn a sì gbé ẹ̀rọ tó lágbára sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi sípíríǹgì tó ká roboto sẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbé ọkọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè dá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ dúró kó má yà sọ́tùn-ún sósì. Àwọn kan ń lo ọ̀pá kan ṣoṣo, èyí tí Faransé ń pè ní barre Panhard. Ó rọrùn, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fa táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Ẹni tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ a lo irin mẹ́ta ti Watt: ọ̀pá gígùn méjì lára ọkọ̀, àárín ọ̀pá kúkúrú lára irin táyà. Kó tó jó wọn pọ̀, kí ọkọ̀ kọ́kọ́ fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ dúró lórí táyà, kí ọ̀pá gígùn méjèèjì sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì yóò tún iṣẹ́ ṣe.

Ìyanu ibẹ̀ ni pé Watt kò fẹ́ràn ọkọ̀ ẹlẹ́rọ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀, William Murdoch, ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó ń fi ooru omi sáré, Watt kò fún un níṣìírí rárá.

Lọ́dún 1800, ó fi òwò náà sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ nínú yàrá òkè àjà ilé rẹ̀, ó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ère. Ó ti dàgbà nígbà tó kọ ìwé sí ọmọ rẹ̀ pé irin mẹ́ta yẹn ni òun fi yangàn ju gbogbo iṣẹ́ òun yòókù lọ. Ó kú nínú ilé yìí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1819, ní ẹni ọdún 83.