Cherry Kearton: Ọkùnrin Tó Fi Kámẹ́rà Ṣọdẹ Ẹyẹ

Ìtàn ìgbésí ayé ló kàn mí láti kọ sára ògiri wa ní tẹ́ẹ̀mù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ nípa olóṣèlú, olórin tàbí agbábọ́ọ̀lù. Èmi fẹ́ kọ nípa ayafọ́tò kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kan gbogbo ọmọ Emùrè tó bá ti gun igi rí láti yọ ẹyin ẹyẹ. Cherry Kearton lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ti kú.

Ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1871 ni wọ́n bí i ní Thwaite, abúlé kékeré kan láàárín àwọn òkè Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Richard ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Nígbà tí Richard wà lọ́mọdé, ó gun igi nítorí ìtẹ́ ẹyẹ, ó já bọ́, ìbàdí rẹ̀ sì bàjẹ́. Wọn ò tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ló bá ń tiro títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ tán lára rẹ̀ nìyẹn, àbí? Kò tán o. Ẹyẹ yìí kan náà ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1882, àwọn olówó kan wá yìnbọn pẹyẹ lórí òkè wọn. Richard ń ké bí ẹyẹ kan tó jọ àparò tiwa, àwọn ẹyẹ náà sì ń dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò yẹn wá láti ilé iṣẹ́ ìwé Cassell, ó sì fún un níṣẹ́. Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, Cherry náà tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni wọ́n ń lọ wo ẹyẹ nínú igbó. Cherry ra kámẹ́rà àlòkù kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1892, Richard fi ìtẹ́ ẹyẹ kékeré kan tó ń kọrin hàn án ní Enfield, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹyin wà nínú rẹ̀, Cherry sì yà á. Ọ̀pọ̀ gbà pé fọ́tò yẹn ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹyẹ máa ń yìnbọn pa á ni, á wá fi nǹkan kún awọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹyin á kó o sínú àpótí. Ní 1895, tẹ̀gbọ́n tàbúrò gbé ìwé kan jáde nípa ìtẹ́ ẹyẹ, tó jẹ́ pé inú igbó gan-an ni wọ́n ti ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó rọrùn bíi ti fóònù òde òní. Àpótí ńlá ni kámẹ́rà wọn. Awo gíláàsì kan ṣoṣo ló ń gba lẹ́ẹ̀kan, kò sì yára rárá. Bí ẹyẹ bá mira, fọ́tò bàjẹ́ nìyẹn. Bí ìtẹ́ bá ga, Cherry á dúró lórí èjìká Richard, Richard tó ń tiro! Bó bá wà lára àpáta, wọ́n á fi okùn sọ ara wọn kalẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n ṣe màlúù kan, awọ lóde, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹnì kan á wọnú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ẹyẹ á sì rò pé màlúù lásán ló ń jẹko. Lọ́jọ́ kan, màlúù yìí ṣubú ti Richard ti Richard, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wòkè.

Nígbà tó yá, Cherry bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù. Ní 1909 ó dé Kẹ́ńyà, ó ya ẹranko igbó níbẹ̀, ó sì ya Theodore Roosevelt tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 1940 ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù, kété tó parí ètò àwọn ọmọdé ní ilé iṣẹ́ rédíò BBC. Ẹni ọdún 69 ni.

Kí nìdí tí mo fi sọ pé ó kàn wá? Ẹyẹ kan wà tí òyìnbó ń pè ní osprey, irú àwòdì kan tó jẹ́ pé ẹja ló ń jẹ. Tí òtútù bá dé lọ́dọ̀ wọn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni púpọ̀ nínú wọn ń sá wá. Nígbà ayé Cherry gan-an, ìbọn àti àwọn tó ń kó ẹyin jọ lé e kúrò ní Bìrìtéènì. Ní 1954 ni tọkọtaya kan tún wá pamọ ní Skọ́tíláńdì. Ní 1958, ẹnì kan gun igi lóru láti jí ẹyin wọn. Ní 1959, wọ́n ṣọ́ igi náà, wọ́n sì jẹ́ kí ará ìlú máa wò ó láti òkèèrè. Látìgbà náà ni ẹyẹ yẹn ti ń pọ̀ sí i.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, rọ́bà àti òkò ni à ń bá ẹ̀ga sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ga ń jẹ àgbàdo, ó sì ń ya imọ̀ ọ̀pẹ. Bàbá mi kì í fẹ́ rí i lóko. Àmọ́ ọmọ tó ń fi ọ̀pá gbo ìtẹ́ lulẹ̀ kò ṣe é nítorí àgbàdo, eré ló ń ṣe. Mo ti jókòó wo ẹ̀ga rí: akọ á hun ìtẹ́, abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá wù ú, akọ á tú u, á tún òmíràn hun. Ẹni tó bá rí èyí, ọwọ́ rẹ̀ ò ní yá sí òkò mọ́.

Fóònù kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ní Sátidé, lóko tàbí lẹ́yìn ilé, ẹ fi fóònù àwọn òbí yín ya ẹyẹ kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lédè Emùrè. Ẹ má fọwọ́ kan ẹyin, ẹ má ṣẹ́ ẹ̀ka tó bo ìtẹ́, bí ìyá ẹyẹ kò bá sì padà, ẹ kúrò níbẹ̀. Mo ti bẹ ẹgbẹ́ oníròyìn wa pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lára ògiri yìí fún àwọn fọ́tò yẹn.