Ọdún 25 tí Àjàyí Crowther ò fi rí ìyá ẹ̀

Tí wọ́n bá dárúkọ Samuel Àjàyí Crowther, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni àwòrán baba àgbà tó wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, àti Bíbélì Yorùbá. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ní tèmi o, ohun tó wù mí jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí kì í ṣe oyè tó jẹ. Ọ̀rọ̀ òun àti Afala, ìyá tó bí i, ni. Mo mọ̀ pé ilé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ò fara rọ lásìkò yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́.

Òṣogùn, ìlú kan lápá Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí Àjàyí sí. Ọmọdé ṣì ni lọ́dún 1821 tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí àwọn obìnrin ṣì ń dáná oúnjẹ lọ́wọ́. Bàbá ẹ̀ sáré wálé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n tètè sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí ò fojú kàn án mọ́ títí ayé. Wọ́n mú Àjàyí, ìyá ẹ̀ àtàwọn ọmọ ìyá ẹ̀ méjì tó jẹ́ obìnrin, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń mu ọmú. Okùn ni wọ́n fi so wọ́n lọ́rùn bí ẹní so ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹní pín ẹrù.

Wọ́n fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹni tó gbé ẹṣin sílẹ̀ ní òun ò ṣe mọ́, wọ́n bá dá ọmọ padà. Ó tún rí ìyá ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kí wọ́n tó tún já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ olówó kan sí òmíràn ni. Ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀ débi pé ọmọ yìí gbìyànjú láti pa ara ẹ̀, àmọ́ kò lè ṣe é. Èkó ni wọ́n tà á dé, tí àwọn Potogí fi kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lóṣù kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Myrmidon ló dá wọn lọ́nà, tó sì kó wọn lọ sí Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró.

Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ náà ló ti gba Jésù gbọ́. Ní December 11, 1825 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un, tó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó fẹ́ Susan, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Asano tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tiẹ̀. Lọ́dún 1837, ó kọ lẹ́tà kan tó fi ròyìn gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí. Nínú lẹ́tà yẹn, ọjọ́ burúkú tí wọ́n kó o l'Óṣogùn ló tún wá ń pè ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ló gbà mọ Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọdún yẹn dáadáa. Ní 1837, kò tíì gbúròó ìyá ẹ̀. Kò mọ̀ bóyá obìnrin náà wà láyé tàbí ó ti kú. Síbẹ̀, ó ti ń yọ̀. Ohun tó mú mi dúró lórí ìtàn yìí nìyẹn. Àwa máa ń sọ pé tí nǹkan bá dáa tán la máa tó láyọ̀: tí bàbá bá rí iṣẹ́, tí owó ilé bá pé, tí ẹni tó já pá bá ránṣẹ́ padà. Ọkùnrin yìí ò dúró de ìgbà tí ẹbí ẹ̀ máa pé kó tó láyọ̀.

Ayọ̀ yẹn ò ní kó má sunkún o. Lọ́dún 1843 ni wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London. Ó gba Àgbádárìgì wọlé ní 1845, nígbà tó sì di August 1846, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dé Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé ti kóra jọ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tíì pé tí ìyá ẹ̀ fi gbọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Afala dé. Ara ìyá ń gbọ̀n, ojú ẹ̀ ò gbà á gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé ń bọ́. Nígbà tí ìyá máa lahùn, orúkọ tí ìyá àgbà fi máa ń ké Àjàyí ní kékeré ló ń pè é. Ìyá àgbà yẹn ti kú ní tiẹ̀. Àlùfáà náà kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ẹsẹ̀ Bíbélì tó wà fún ọjọ́ náà ń sọ nípa Ọlọ́run tó ń ran ọmọ aláìníbaba lọ́wọ́.

Ìyá náà ò gba ẹ̀sìn ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ní February 5, 1848 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ l'Ábẹ́òkúta. Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka Bíbélì mọ̀ pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì.

Wàhálà ò tán lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún 1862, iná jó ilé Crowther l'Ékòó, ó jó apá kan Bíbélì tó ti túmọ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti fi ọdún 11 kó jọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló di bíṣọ́ọ̀bù, ìyá ẹ̀ sì wà láyé. Nígbà tó darúgbó, àwọn òyìnbó kéékèèké kan nínú iṣẹ́ ìhìnrere rí i fín, wọ́n gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kú ní December 31, 1891.

Bàbá ẹ̀ ò padà wálé láé. Ìyá àgbà ò dúró dè é. Ohun tó sọnù, ó sọnù náà ni. Ṣùgbọ́n kó tó rí ìyá ẹ̀ rárá ló ti ní ayọ̀ yẹn lọ́wọ́, iná ò sì rí i jó.