Thaddeus Stevens àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1792 ni a bí Thaddeus Stevens ní Danville, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́ láti inú oyún wá, ó sì ń tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi aya àti ọmọkùnrin mẹ́rin sílẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀, Sarah, nìkan ni ó sì ru ẹrù náà. Obìnrin yìí rí i pé iṣẹ́ oko kò lè rọrùn fún ọmọ tí ń tiro, ó sì pinnu pé ìwé ni yóò kà, bí ó ti wù kí ìyà náà pọ̀ tó. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Peacham nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Stevens kàwé jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní 1814. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà èwe rẹ̀ yìí kò ní ṣe kàyéfì sí ohun tí ó ṣe nígbà tí ó dàgbà.

Ó ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó di agbẹjọ́rò, ó sì fi Gettysburg ṣe ibùjókòó. Ní 1833 àwọn ará àgbègbè rẹ̀ dìbò yàn án sí ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà.

Ní àkókò yẹn, bí a bá yọ ìlú ńlá bíi Philadelphia kúrò, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní Pennsylvania. Àwọn ìjọ ní tiwọn, àwọn olùkọ́ mìíràn sì ń dá tiwọn sílẹ̀ láti fi wá oúnjẹ òòjọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1809 sọ pé bí òbí bá jẹ́ tálákà, kí ìjọba bá a san owó ọmọ rẹ̀ fún olùkọ́ tí ó wà nítòsí. Bí a bá wò ó ní òkèèrè, àánú ni. Ṣùgbọ́n òbí náà ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé àwọn aláìní. Ta ni yóò fẹ́ kí aládùúgbò máa nawọ́ sí ọmọ òun pé ọmọ aláìní nìyí? Ọ̀pọ̀ òbí yàn láti dá ọmọ dúró sílé ju kí wọ́n gba irú ẹ̀tẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1834 àwọn aṣòfin ṣe òfin tuntun, Gómìnà George Wolf sì fọwọ́ sí i. Owó-orí ni wọn yóò fi dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní àdúgbò gbogbo, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà yóò sì jókòó pọ̀. Kíá ni ariwo sọ. Ẹni tí kò bímọ ń bèèrè ìdí tí òun yóò fi sanwó ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ń bẹ̀rù pé èdè àti ìgbàgbọ́ àwọn yóò parun. Ẹ̀rù tiwọn yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀ rárá. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ń rọ́ wọ Harrisburg, olú-ìlú wọn, orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí a pa òfin náà rẹ́ sì lé ní 30,000. Ilé-ìgbìmọ̀ àgbà dìbò láti pa á rẹ́. Ó wá ku ilé-ìgbìmọ̀ kejì, níbi tí Stevens wà.

Àwọn ará àgbègbè Stevens pàápàá kò fẹ́ òfin náà. Bẹ́ẹ̀ ni Gómìnà Wolf kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ọ̀tá ni wọ́n nínú ìṣèlú. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1835, Stevens dìde. Ó ní àwọn tí kì í jalè ń san owó-orí fún ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n láìráhùn. Kí ló dé tí wọ́n fi ń kùn sí owó tí kò ní jẹ́ kí ọmọ di olè? Ó ní òfin 1809 kò ṣe ju pé ó fi àmì sí iwájú orí tálákà. Ó rọ àwọn aṣòfin kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tì, kí wọ́n má sì bẹ̀rù ìbò tí ń bọ̀. Nígbà tí ó jókòó, ọkàn ọ̀pọ̀ ti yí padà. Ilé náà kọ̀ láti pa òfin rẹ́, ilé-ìgbìmọ̀ àgbà sì gbà pẹ̀lú wọn nígbẹ̀yìn. Wolf pàdánù ipò gómìnà ní ọdún yẹn kan náà, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ dúró.

Irú àríyànjiyàn yìí tún gbérí lẹ́yìn ikú Stevens. Ní 1955 Milton Friedman, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, dá a lábàá pé kí ìjọba máa fún òbí ní ìwé tí ó dúró fún owó, kí ó fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá wù ú, ìbáà ṣe ti aládàáni. Ní 1990 wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Milwaukee fún àwọn ọmọ tálákà. Àwọn alátakò rẹ̀ ń sọ pé bí owó ìjọba bá ti ń bá ọmọ díẹ̀ jáde, àwọn tí ó kù sẹ́yìn ni ìyà yóò jẹ. Stevens kò gbọ́ orúkọ ètò yìí rí. Òótọ́ ni pé ètò tuntun yìí kò fi àmì ẹ̀tẹ́ sí ẹnikẹ́ni bíi ti 1809, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì: ṣé kí owó gbogbo ènìyàn kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ènìyàn ni, àbí kí ó máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan?

Stevens di aṣòfin àpapọ̀ ní Washington, níbi tí ó ti bá òwò ẹrú jà kíkankíkan, tí ó sì gbèjà àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn òmìnira wọn. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1868. Ìlú Lancaster ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ kékeré kan tí ó fúnra rẹ̀ yàn, nítorí pé àwọn itẹ́ ńlá kì í gba òkú aláwọ̀ dúdú. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ó fi owó sílẹ̀ fún ilé àwọn ọmọ òrukàn, níbi tí a kò gbọdọ̀ ti fi àwọ̀ ya ọmọ kankan sọ́tọ̀. Láti inú ẹ̀bùn yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Lancaster ní 1905 ti ṣẹ̀, orúkọ Stevens ni ó sì ń jẹ́ títí di òní.