Mojọlá Agbẹ̀bí, Ẹni Tí Ó Ya Èérí Kúrò Lára Ògì

 

Ní ìpàdé wa ní Yaba àti ní Mushin, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀. Àwọn ará wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà a máa kọ̀wé béèrè ohun tí ó yẹ kí àwọn fi kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún, kí wọ́n má baà di àjèjì sí ilé baba wọn. Ẹnìkan a ní èdè ni, èkejì a ní orúkọ ni, ẹ̀kẹta a ní ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni, ẹ̀kẹrin a ní aṣọ òkè ni. Bí a bá ti jiyàn títí, ilẹ̀ a ṣú, oníkálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Lójú tiwa, ohun tí kò jẹ́ kí iyàn yìí lójú ni pé a ń ka àwọn àṣà wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni a kò tí ì bi ara wa léèrè ohun tí àṣà jẹ́, àti èyí tí í ṣe gbòǹgbò nínú rẹ̀ àti èyí tí í ṣe ewé.

Irú ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ ìmọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní fìlọ́sọ́fì. Orúkọ rẹ̀ le létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìyá tí ń ṣe ògì. Bí ìyá bá ti lọ àgbàdo tán, kò ní gbé e ka iná bẹ́ẹ̀. Asẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mú, yóò sẹ́ ẹ, èérí yóò dúró sókè, ògì yóò sì lọ sísàlẹ̀. Ìtàn a máa sọ fún wa bí àṣà kan ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú wa a sì máa rí bí a ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àròjinlẹ̀ ni asẹ́ tí ń fi ohun tí àṣà náà wà fún hàn wá, àti ohun tí a lè yọ kúrò lára rẹ̀ tí kò ní bàjẹ́. Nítorí náà ni a ṣe yan ìtàn olóògbé Mojọlá Agbẹ̀bí fún ọdún yìí, ọkùnrin kan tí ó lo asẹ́ yìí láìbẹ̀rù ní Èkó, ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1860 ni a bí i ní Ilẹ́ṣà. David Brown Vincent ni orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n nígbà èwe rẹ̀. Kí èyí má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá gba ìgbàgbọ́, tí ó sì wọ ilé-ìwé, orúkọ òyìnbó ni í sábà jẹ́, aṣọ òyìnbó ni í sì wọ̀ lọ sí ilé ìsìn. Èkó ni Vincent ti kàwé, ní ilé-ìwé ìjọ C.M.S., ó sì di olùkọ́. Àwa tí a ń jẹ nínú iṣẹ́ náà kò lè ṣàì fi èyí yangàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún di òǹkọ̀wé nínú àwọn ìwé ìròyìn Èkó.

Ayé tí ó dàgbà sí kì í ṣe ayé tí ó ka ọgbọ́n aláwọ̀ dúdú sí. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé jáde ní 1882 kò fi owó ìrànwọ́ sí kíkọ́ èdè wa ní ilé-ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sanwó fún. Nígbà tí yóò fi di 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere ti dé sí agbègbè odò Ọya, wọ́n ń yọ àwọn òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther níṣẹ́ lójú baba arúgbó náà. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni Crowther kú ní Èkó, òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó wọ inú eegun.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni Vincent ti darapọ̀ mọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní 1888, èdè-àìyedè ṣẹlẹ̀ nínú First Baptist Church ní Èkó. Òyìnbó tí ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, W. J. David, yọ Moses Ladejo Stone tí í ṣe oníwàásù aláwọ̀ dúdú kúrò lẹ́nu iṣẹ́, láì fi ọ̀rọ̀ lọ ìjọ. Àwọn ọmọ ìjọ bínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde, wọ́n sì dá Native Baptist Church sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ebenezer Baptist Church títí di òní. Vincent wà lára àwọn aṣáájú wọn, ọmọ nǹkan bí ọdún 28 sì ni nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìjọ àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni ìjọ yìí.

Ẹlòmíràn ìbá sinmi níbẹ̀, kí ó ní ìjà ti tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí rí i pé bí a tilẹ̀ ti kúrò lábẹ́ àkóso òyìnbó, ìlànà ìsìn kò yí padà, orúkọ kò yí padà, aṣọ kò sì yí padà. Ènìyàn lè gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ onílé, kí ó sì máa gbé inú ilé náà bí àlejò. Ní 1894, ó re orílẹ̀-èdè Làìbéríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó pa orúkọ David Brown Vincent tì, tí ó sì ń jẹ́ Mojọlá Agbẹ̀bí. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀. Bí ó tilẹ̀ re ìlú Òyìnbó àti Amẹ́ríkà ní 1903 sí 1904, kò bọ́ ọ kúrò lọ́rùn nítorí ojú ẹnikẹ́ni.

Ibi tí èrò rẹ̀ ti hàn gbangba jù lọ ni ìwàásù tí ó ṣe ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1902. Ní ọdún tí ó ṣáájú ni àwọn ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, jáde láti dá African Church Bethel sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún wọn, Agbẹ̀bí ni wọ́n pè. Ó mú àwọn nǹkan tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìgbàgbọ́, ó tò wọ́n kalẹ̀: ìwé orin, dùùrù, àga ilé ìsìn, aṣọ funfun ẹgbẹ́ akọrin, orúkọ òyìnbó, aṣọ òyìnbó. Ó fi yé wọn pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í ṣe ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni wọ́n, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le tí ó sì ń fi ọ̀pá rìn, ẹsẹ̀ náà yóò rọ níkẹyìn. Edward Blyden, àgbà ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ìgbà náà, yin ìwàásù yìí gidigidi.

Ẹ kíyè sí i pé Agbẹ̀bí kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìwé orin. Èérí kì í ṣe májèlé. Ẹran ọ̀sìn a máa jẹ ẹ́, ara rẹ̀ a sì dá. Ẹni tí ó ṣìnà ni ẹni tí ó gbé èérí fún ọmọ rẹ̀ tí ó sì ní ògì ni. Òyìnbó tí ó rí agbádá tí ó ní ìbọ̀rìṣà ni, àti ọmọ wa tí ó rí fìlà òyìnbó tí ó ní ìgbàgbọ́ ni, àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe. Wọ́n fi aṣọ ṣe ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n olóye ènìyàn lè bi wá léèrè pé, bí aṣọ kò bá jẹ́ nǹkan kan, kí ni ó dé tí Agbẹ̀bí fi di aṣọ tirẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè rere ni. Èsì tí àwa rí fà yọ nínú ìgbé ayé rẹ̀ nìyí. A kò lè jẹ ògì lórí ilẹ̀. A ní láti bù ú sínú abọ́ kan. Bí kò bá sí abọ́ tí í ṣe ògì fúnra rẹ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi fọ́ abọ́ ìyá rẹ̀ kí ó lè yá ti aládùúgbò lò. Ẹni tí ó bá sì pa dandan fún un láti fọ́ ọ, kì í ṣe ògì ni ó fún un, àkóso ni ó ń wá.

Ní oṣù keje ọdún 1911, láti ọjọ́ 26 sí ọjọ́ 29, àwọn ọ̀mọ̀wé láti gbogbo ayé pàdé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti jíròrò lórí bí ẹ̀yà kan yóò ṣe mọ iyì ẹ̀yà kejì. W. E. B. Du Bois wà níbẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Mojọlá Agbẹ̀bí lọ láti Èkó, pẹ̀lú ìwé tí ó kọ lórí ọ̀ràn Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ lórí fífẹ́ ju ìyàwó kan lọ àti lórí àwọn ẹgbẹ́ awo, kò sì sá fún àwọn èyí tí ó burú létí pàápàá. Ó fẹ́ kí àwọn tí ń dájọ́ kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí àṣà kọ̀ọ̀kan ń ṣe láàárín àwọn tí ó ni ín.

A kò gbọdọ̀ fi Agbẹ̀bí ṣe òrìṣà. Mímọ ìdí tí nǹkan fi wà kò wí pé kí ó máa wà lọ, àwọn ohun kan sì wà nínú èyí tí ó gbèjà tí àwa kò ní fẹ́ kí àwọn ọmọ wa padà sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà ṣe ìwádìí ni a ní láti jogún. Kò sí ẹni tí ó lè dá ẹjọ́ àṣà ní òdodo bí kò bá tí ì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ronú báyìí. Ní ìgbà ayé rẹ̀ kan náà, E. M. Lijadu, ajíhìnrere ní Oǹdó, ń jókòó ti àwọn babaláwo láti mọ èrò inú Ifá. Ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1898 àti ní 1908. Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ náà dé ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ní Yunifásítì Èkó ní Akoka, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, tí kò jìnnà sí Yaba tí à ń gbé ṣe ìpàdé, Sophie Olúwọlé fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fìlọ́sọ́fì. Títí ó fi kú ní 2018, ó ń fi yé ayé pé àròjinlẹ̀ wà nínú ẹsẹ Ifá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ Socrates ará Gíríìsì, tí òun náà kò fi ìwé kankan sílẹ̀.

Òkìkí Agbẹ̀bí kàn dé òkè òkun. Ní 1907, John Edward Bruce àti àwọn ènìyàn dúdú kan ní Amẹ́ríkà gbé e dìde pé kí a máa fi ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá rántí rẹ̀. Síbẹ̀, kò gbé ìkùnsínú pamọ́. Ní 1914, nígbà tí àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú, parapọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó mọ ohun tí í ṣe tirẹ̀ kì í bẹ̀rù láti bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní 1917 ni ó re ibi àgbà ń rè, ní ẹni ọdún 57.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá sílé. Ní ọjọ́ Sátidé, bí ènìyàn bá gba Surulere kọjá, yóò rí agbádá àti gèlè bí ìtànná. Inú wa a máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n agbádá pẹ̀lú lè di èérí, bí ó bá ṣe pé aṣọ nìkan ni ọmọ rí, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ ìdí fún un.

Àwa gan-an jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa dìde, ó béèrè ìdí tí a fi ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà tí ìwà rẹ̀ kò dára. A pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, a sì ní kí ó jókòó. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó mọ̀ pé ìbínú wa kì í ṣe nítorí àrífín. Nítorí pé a kò ní èsì ni. Asẹ́ ni ọmọ náà mú dání, àwa ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, à bá sọ fún un pé ọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí àti fún ìran ni ògì, ìdọ̀bálẹ̀ ni abọ́ rẹ̀, ìwà búburú àgbàlagbà kan kò sì fọ́ abọ́ náà. Bóyá yóò gbà, bóyá yóò tún ní ìbéèrè mìíràn.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ wa pé láti ọdún yìí lọ, kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ìpàdé fún àwọn ọmọ, kí wọ́n máa béèrè ìdí àwọn ìṣe wa, kí àwọn àgbà sì máa dáhùn láì fi ohùn líle pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ẹ bá sọ ọmọ ní orúkọ, ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tí ilé rí tí ó fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi pamọ́ dè é. Ọlọ́run yóò dá gbogbo wa sí láti rí ọjọ́ tí yóò kà á.