Barnard, Ayàwòrán Ìràwọ̀

Ní àsìkò ọyẹ́, òtútù máa ń mú ní Bantè àti ní Savalou. Ní alẹ́, àwọn ọmọdé a jókòó yí iná ká. Bí iná bá ń kú lọ, tí òṣùpá kò sì sí, wọn a gbójú sókè. Bí eruku ọyẹ́ kò bá bo ojú ọ̀run, wọn a rí ìràwọ̀ tí ó pọ̀ bí iyanrìn. Wọn a tún rí ìlà funfun kan tí ó la ojú ọ̀run já bí èéfín. Ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tí ó ya fọ́tò ìlà funfun yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Edward Emerson Barnard.

Wọ́n bí Barnard ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1857, ní ìlú Nashville, ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Owó kò sí nílé. Oṣù méjì péré ni Barnard fi lọ sí ilé ìwé nígbà èwe rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà.

Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ onífọ́tò kan. Nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni onífọ́tò náà fi ń sọ àwòrán kékeré di ńlá. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lórí òrùlé. Ojú ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa wo oòrùn. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í dúró sí ojú kan. Nítorí náà, ẹnì kan ní láti máa yí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi sídìí rẹ̀ máa ń sùn lọ. Barnard kì í sùn. Ó ń yí ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀lé oòrùn, títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Bí ó bá ń lọ sílé ní alẹ́, a máa wo ìràwọ̀. Ó dá ojú wọn mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìwé kan dógò. Barnard ṣí ìwé náà, ó rí àwòrán ojú ọ̀run nínú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó mọ orúkọ àwọn ìràwọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1877, ó ra awò ńlá kan tí a fi ń wo ohun tó jìnnà. Dọ́là 380 ni owó rẹ̀. Owó náà ju owó iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà lọ. Ní ọdún yẹn kan náà, onímọ̀ ńlá kan, Simon Newcomb, wá sí Nashville. Ó sọ fún Barnard pé kí ó lọ kọ́ ìṣirò kí ó tó ronú iṣẹ́ ńlá. Ọ̀rọ̀ náà dun Barnard, ó sunkún. Ṣùgbọ́n kò pa awò rẹ̀ tì. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìṣirò.

Láti ọdún 1881, ó ń rí àwọn ìràwọ̀ oníìrù tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Olówó kan ń san dọ́là 200 fún ẹni tí ó bá rí ọ̀kan. Owó yìí ni Barnard fi kọ́ ilé rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, wọ́n gbà á sí iṣẹ́ ní Lick, lórí òkè kan ní Kalifọ́níà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1892, ó rí òṣùpá karùn-ún tí ó ń yí Júpítà ká. Galileo ti rí mẹ́rin ní ọdún 1610. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó rí òmíràn.

Ní Lick ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò ìlà funfun ojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kéré. Ojú kámẹ́rà ní láti là fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀, bí oòrùn, kì í dúró sí ojú kan. Barnard ń fi ọwọ́ darí awò rẹ̀ tẹ̀lé wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe lórí òrùlé nígbà èwe rẹ̀.

Ní ọdún 1895, ó lọ sí Yerkes, níbi tí òtútù ti ju ti ọyẹ́ lọ fíìfíì. Omi adágún ibẹ̀ máa ń dì gbagidi. Wọn kò sì lè dáná nínú ilé awò, nítorí ooru a máa ba àwòrán jẹ́. Barnard a wọ aṣọ tó nípọn, a sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Fọ́tò rẹ̀ fi àwọn ibi dúdú hàn láàárín ìràwọ̀. Ó wá mọ̀ pé wọn kì í ṣe ihò. Ìkùukùu eruku ni ó bo àwọn ìràwọ̀ ẹ̀yìn wọn.

Barnard kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1923. Ní ọdún 1927, ìwé fọ́tò rẹ̀ jáde. Mary Calvert, ọmọ ẹbí ìyàwó rẹ̀, wà lára àwọn tí ó parí rẹ̀.

Lónìí, awò kékeré kan wà tí ó ń wá ìràwọ̀ fúnra rẹ̀, tí ó ń tẹ̀lé e, tí ó sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọwọ́ àti sùúrù ni Barnard fi ṣe tirẹ̀.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Iṣẹ́ wo ni Barnard ṣe nígbà tí ó wà ní kékeré?
2. Kí ni ó ṣe lẹ́yìn tí ó sunkún?
3. Kí nìdí tí wọn kò fi lè dáná nínú ilé awò?