Tom Mboya: Wolé-wolé tó la ọ̀nà yunifásítì fún àwọn ọmọ Kenya

Ní Kenya lọ́dún 1959, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yege ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama kì í sábà mọ ibi tí yóò gbà. Kò sí yunifásítì kankan tó ń fúnni ní dìgírì lórílẹ̀-èdè náà. Makerere tó wà ní Uganda ni àwọn ọmọ Kenya, Uganda àti Tanganyika jọ ń dù, àyè ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìbàdàn ní tiẹ̀ ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì láti ọdún 1948. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ìjọba amúnisìn bá fọwọ́ sí ló ń rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ síbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wá ń kọ lẹ́tà sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà fúnra wọn. Wọ́n á kọ èsì ìdánwò wọn sínú ẹ̀, wọ́n á ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ kà, wọ́n á sì máa retí ìdáhùn. Kì í ṣe pé ìdáhùn kì í dé. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ọ̀pọ̀ wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Owó ọkọ̀ òfurufú ni wàhálà. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ oko lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má lè rí i san. Ibẹ̀ ni Tom Mboya ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ òṣìṣẹ́ oko

Oṣù Kẹjọ ọdún 1930 ni wọ́n bí Thomas Joseph Mboya sí oko sisal kan tó jẹ́ ti òyìnbó ní Kilima Mbogo, nítòsí Thika. Oko yẹn ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ará erékùṣù Rusinga ní adágún Victoria ni àwọn òbí rẹ̀, ẹ̀yà Luo sì ni wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì ló lọ, títí dé Holy Ghost College ní Mangu. Ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n owó ilé ẹ̀kọ́ tán lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ló bá gba Nairobi lọ kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé, nítorí pé wọn kì í gba owó níbẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú Nairobi lọ́dún 1951, owó oṣù rẹ̀ kéré gan-an sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin òyìnbó kan gbé ìgò wàrà wá kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo inú yàrá náà yíká, ó rí Mboya tó dúró níbẹ̀, ó sì béèrè bóyá kò sí èèyàn kankan ńbẹ̀. Mboya fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1953, nígbà tí ìjọba amúnisìn ti fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn aláwọ̀ dúdú, ó di akọ̀wé àgbà àjọ àwọn òṣìṣẹ́ Kenya. Òru ló fi ń kàwé, ó ń gba ẹ̀kọ́ nípa lẹ́tà láti South Africa, kó tó rí àyè lo ọdún kan ní Ruskin College ní Oxford. Kò gba dìgírì kankan. Ó wọ ilé aṣòfin lọ́dún 1957. Nígbà tí Kwame Nkrumah pe àwọn èèyàn Áfíríkà jọ sí Accra ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìpàdé náà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni.

Bàálù kan, ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́rin

Àròjinlẹ̀ Mboya kò le rárá: dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa wá owó tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí wọ́n háyà odidi bàálù. Ní 1959, ó rin ìrìnàjò káàkiri Amẹ́ríkà, ó ń sọ̀rọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sí èkejì, ó sì ń tọrọ àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Scheinman, oníṣòwò kan, bá a dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìkówójọ. Jackie Robinson tó gbá baseball, Harry Belafonte olórin àti Sidney Poitier òṣèré fọwọ́ sí lẹ́tà tí wọ́n fi bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ní Nairobi, òun, Julius Kiano àti Kariuki Njiiri ló ń yẹ ìwé àwọn ọmọ náà wò. Amẹ́ríkà ni àwọn méjì yòókù ti kàwé, wọ́n mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́hùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá mú ní láti ti gba lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ta ẹran ọ̀sìn. Ní àwọn abúlé mìíràn, wọ́n ṣe àpèjẹ tíì láti fi dáwó fún ọmọ wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1959, akẹ́kọ̀ọ́ 81 gúnlẹ̀ sí New York.

Inú àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kò dùn. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kò dára tó tiwọn. Òótọ́ ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké tí kò lókìkí ni díẹ̀ lára àwọn ọmọ náà lọ, àwọn mìíràn sì fojú winá àìlówó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú kò kọ́ yunifásítì kankan sí Kenya.

Lọ́dún 1960, àwọn tó fẹ́ lọ pọ̀ ju owó lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní oṣù Keje, Mboya lọ bá Sẹ́nétọ̀ John F. Kennedy nílé rẹ̀ ní Hyannis Port, àjọ ìdílé Kennedy sì fi 100,000 dọ́là sílẹ̀. Ìdìbò ààrẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Bí àwọn èèyàn Nixon ṣe gbọ́, wọ́n sáré mú kí ìjọba náà ṣèlérí irú owó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di àríyànjiyàn ní ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ní tiwọn wọ bàálù.

Wangari Maathai wà lára àwọn tó lọ lọ́dún yẹn, Kansas ló ti kàwé. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel, ní 2004. Pamela Odede tí Mboya fi ṣaya ní 1962 náà wà lára àwọn tí ètò yìí gbé lọ. Títí di 1963 tí Kenya gba òmìnira, àwọn tó jàǹfààní rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800, àwọn mìíràn sì wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Kenya ká. Nínú wọn ni wọ́n ti rí òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ yunifásítì àti mínísítà.

Ọjọ́ tó kú

Mboya di mínísítà ètò ọrọ̀ ajé, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó lè rọ́pò Ààrẹ Jomo Kenyatta. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje 1969, ó jáde láti ilé ìtajà oògùn kan ní Government Road ní Nairobi, wọ́n sì yìnbọn pa á. Kò tíì pé ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Luo. Wọ́n dájọ́ ikú fún Nahashon Njenga Njoroge, àmọ́ ẹni tó rán an níṣẹ́, bó bá jẹ́ pé wọ́n rán an, kò hàn sí aráyé títí dòní.

Ọ̀kan lára àwọn tó jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ni Barack Obama àgbà, bàbá ẹni tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà. Kò sí nínú bàálù ọdún 1959 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Òun náà ti jókòó kọ lẹ́tà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tẹ̀ lé òmíràn títí Hawaii fi gbà á, ó sì mọ Mboya dáadáa. Ó sọ fún ilé ẹjọ́ pé òun pàdé rẹ̀ ní òpópónà yẹn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì jọ ṣàwàdà díẹ̀ kí wọ́n tó yìnbọn fún un.